Màmá Ṣadé Thomas-Fahm: Obìnrin Tó Fi Síìpù Sí Ìró

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Ẹ̀yin ará wa ní Iwofe, ní Rumuolumeni àti ní gbogbo àgbègbè Port Harcourt, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ọmọ Yorùbá bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó ní ìlú yìí, kí àwọn aládùúgbò tó gbọ́ èdè tó ń jáde lẹ́nu wa ni wọ́n ti mọ̀ wá. Gèlè ló máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí a ti wá, ìró àti bùbá á tẹ̀ lé e, agbádá á wá parí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ìró tí wọ́n fi síìpù sí, tí obìnrin kàn ń kó sọ́rùn ìdí bíi síkẹ́ẹ̀tì, tí kò ní tú bó bá ń sáré wọ ọkọ̀, ta ló ronú rẹ̀? Gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí a kàn ń dé sórí bíi fìlà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ rò pé àná ni wọ́n gbé e dé, pé inú fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe àná o! Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ Èkó kan ló sì wà nídìí rẹ̀. Fọláṣadé Thomas-Fahm ni orúkọ wọn, Ṣadé ni ayé mọ̀ wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa aṣọ ní ilẹ̀ wa ló ń pè wọ́n ní obìnrin àkọ́kọ́ tó sọ aṣọ dídá di iṣẹ́ òde òní ní Nàìjíríà.

Ìtàn Màmá Ṣadé ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe nítorí òkìkí wọn nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín wa, àti òbí tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ NI WỌ́N LỌ KỌ́

Ọdún 1933 ni wọ́n bí Màmá Ṣadé ní ìlú Èkó. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n sì ń di ọ̀dọ́langba nígbà tó parí ní 1945. Ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kàwé, kóòtù àti táì ni ti ọkùnrin, gáùn ni ti obìnrin. Ìró àti bùbá wà lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ilé, ọjà àti òde àríyá ni ọ̀pọ̀ rò pé àyè rẹ̀ mọ. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, gáùn ni wọ́n retí pé kó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ nìkan nígbà náà. Ẹ rántí ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe ní Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1940 sí 1949. Obìnrin tó kàwé ní ìlú òyìnbó ni, síbẹ̀ ó pa gáùn tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn. Àwọn obìnrin yẹn ló bá ìjọba jà lórí owó orí, títí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Nítorí náà, nígbà tí Màmá Ṣadé ń dàgbà, ẹni tó bá mọ̀ ti mọ̀ pé ìró kì í ṣe aṣọ aláìmọ̀wé.

Ní 1953, Màmá wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní àwọn ń lọ kọ́. Iṣẹ́ tó níyì ni, iṣẹ́ tí òbí lè fi yangàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí wọ́n ń rí nínú gíláàsì iwájú àwọn ilé ìtajà ńlá gba ọkàn wọn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á gbé aṣọ wọ ère kan, wọ́n á tan iná sí i, ẹni tó ń kọjá lọ á dúró wò ó. Màmá Ṣadé dúró wò ó, ọkàn wọn kò sì padà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ dídá, títí kan ẹ̀kọ́ ní Saint Martin's, ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó lórúkọ jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò ná. Ọmọ tí a rán lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè òkun ní 1953 wá ní aṣọ ni òun fẹ́ máa rán! Títí di òní, ẹnu wa ṣì ń sọ ọ́ pé bí ìwé kò bá gba ọmọ, kí á fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. A sọ iṣẹ́ náà di ibi ìkórìíra, ibi tí à ń lé ẹni tó fìdí rẹmi sí. Màmá Ṣadé kò fìdí rẹmi níbì kankan. Ilé ìwé ni wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ lọ, wọ́n kọ́ ọ bí dókítà ṣe ń kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

WỌ́N PADÀ SÍLÉ NÍ ỌDÚN ÒMÌNIRA

Ọdún 1960 ni Màmá padà wá sílé, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Àkókò náà dára fún irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé bọ̀. Orílẹ̀-èdè tuntun ń fẹ́ aṣọ tuntun. Àwọn obìnrin ti ń di olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọn kò fẹ́ fi gáùn òyìnbó ṣe àjọyọ̀ òmìnira, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè máa tún ìró ró ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ nídìí tábìlì iṣẹ́.

Ibi ìránṣọ ni Màmá kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ní àgbègbè ilé iṣẹ́ tó wà ní Yàbá, ní Èkó. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ẹlẹ́rọ kan. Ilé iṣẹ́ ni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ilé ìtajà tí wọ́n pè ní Maison Shadé, tí orúkọ rẹ̀ wá di Shadé's Boutique, ní Hòtẹ́ẹ̀lì Federal Palace ní Victoria Island, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ nítorí ayẹyẹ òmìnira. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò pàtàkì, àwọn òṣèlú àti ìyàwó wọn ń wọ̀ sí. Ẹni tó bá jáde nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì á rí òfì àti àdìrẹ tí wọ́n gbé kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé aṣọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àti télọ̀ àdúgbò? Télọ̀ àdúgbò ń dúró de oníbàárà. Oníbàárà á mú aṣọ wá, télọ̀ á wọ̀n ọ́n, á gé e, á rán an, á ní kó padà wá lọ́jọ́ báyìí. Ní ilé iṣẹ́, kí oníbàárà tó jí láàárọ̀ ni aṣọ rẹ̀ ti wà lórí ìkọ́. Ẹnì kan á ya àwòrán aṣọ sórí pépà, ẹlòmíràn á to aṣọ lé ara wọn, á sì gé ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan á máa rán apá, ẹlòmíràn á máa ṣẹ́ etí, ẹlòmíràn á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Aṣọ á wà fún sísanra, á wà fún tínínrín, á wà fún àárín méjì. Oníbàárà á wọlé, á wọ̀ ọ́ wò, á sanwó, á gbé e lọ.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE SÍ ÌRÓ, GÈLÈ ÀTI AGBÁDÁ

Níbi tí ọgbọ́n Màmá Ṣadé ti hàn jù lọ nìyí. Wọn kò ní kí obìnrin Yorùbá pa aṣọ rẹ̀ tì. Wọn kò sì ní kó máa jìyà lọ nínú rẹ̀ nítorí àṣà. Wọ́n bi aṣọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ló ń fa wàhálà lára ẹ, wọ́n sì mú wàhálà náà kúrò.

Ẹ mú ìró. Ìró gidi kò ní bọ́tìnnì, kò ní síìpù. Ọgbọ́n ọwọ́ ni a fi ń ró o. Bí a bá jókòó, bí a bá gbé ọmọ, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, a ó tún un ró. Màmá fi síìpù sí i, wọ́n rán an kó rí bí ìró níwájú, kó sì dúró bíi síkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kó gun àtẹ̀gùn, kó sì padà sílé láìtún un ró rárá.

Ẹ wá mú gèlè. Àwọn bàbá wa ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wé ṣe? Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí ńkọ́, tàbí àlejò tó fẹ́ràn aṣọ wa? Màmá ṣe gèlè tí wọ́n ti wé, tí wọ́n sì ti rán, tí ẹni tó rà á á kàn dé sórí. Àwọn tó gbàgbọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni gèlè lè ní ọ̀lẹ ni ẹni tó ń dé irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òde àríyá lónìí, ẹ ó rí ẹni tó borí àríyànjiyàn náà.

Agbádá náà kò yẹ̀ ẹ́. Aṣọ ọkùnrin ni, tí a ń fi iṣẹ́ ọnà sí láyà. Màmá mú un, wọ́n dín in kù, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀wù gígùn tí obìnrin lè wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ. Ní Gánà, ní àsìkò kan náà, obìnrin mìíràn tí wọ́n ń pè ní Chez Julie, tó kọ́ṣẹ́ ní Paris, ń ṣe irú rẹ̀: ó mú kẹ́ńtè tí ọkùnrin ń da bora, ó sọ ọ́ di aṣọ obìnrin. Àwọn méjèèjì kò dúró de òyìnbó kó wá sọ fún àwọn pé aṣọ ìbílẹ̀ dára.

Bí ẹ bá wo gbogbo iṣẹ́ Màmá Ṣadé dáadáa, ìdí kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀: kí aṣọ ti wà ní sẹpẹ́. Ìró ti wà ní ríró, gèlè ti wà ní wíwé, aṣọ ti wà lórí ìkọ́ kí oníbàárà tó dé. Aṣọ wa kò fìgbà kankan kéré. Ìmúrasílẹ̀ ló kù, òun náà sì ni Màmá fi kún un.

AṢỌ WA TI DÉ ODÒ YÌÍ TIPẸ́

Àwọn aṣọ tí Màmá lò tún kan àwa tí a wà ní Rivers. Wọ́n lo òfì, wọ́n lo àdìrẹ, wọ́n lo aṣọ Okene, wọ́n sì lo Akwete. Kì í ṣe aṣọ tó rọrùn fún ẹ̀rọ. Ẹyọ òfì kan kì í sábà fẹ̀ ju íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, ọ̀pọ̀ ni a ń rán pọ̀ kó tó di ìró. Bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e láìdá etí rẹ̀, òwú á máa tú. Ó nípọn, kì í ṣẹ́ bíi aṣọ ẹlẹ́rọ. Ẹni tó bá fẹ́ rán an sí ara ènìyàn, á ti ro ibi tí yóò gé kó tó mú sísọ́ọ̀sì.

Akwete yàtọ̀ sí i. Ìlú Akwete kò jìnnà sí wa níhìn-ín rárá, ìpínlẹ̀ Ábíá ló wà, lẹ́bàá ààlà Rivers. Àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì tó dúró lóòró, ó sì máa ń fẹ̀ gan-an, kò dà bí òfì tí à ń rán pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé aṣọ Ìjẹ̀bú wà nínú ìtàn rẹ̀. Aṣọ olónà tí àwọn olóyè Òṣùgbó ń lò ní Ìjẹ̀bú ti bá òwò dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ ní ẹnu odò wọ̀nyí láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pè é ní ikaki, èyí tó túmọ̀ sí ìjàpá, nítorí ọnà tó wà lára rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di aṣọ iyì. Àwọn obìnrin Akwete náà wá ń hun ọnà yẹn sára aṣọ tiwọn.

Ẹ gbọ́ o: kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dá Port Harcourt sílẹ̀ ní nǹkan bí 1912, aṣọ Yorùbá ti wà lára àwọn olóyè ní etí odò yìí. Nígbà tí Màmá Ṣadé wá gbé òfì àti Akwete kọ́ sí ilé ìtajà kan náà ní Èkó, àwọn aṣọ tó ti mọ ara wọn tipẹ́ ni wọ́n tún mú pàdé.

ÌDÍWỌ́ TÓ WÀ LỌ́NÀ

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé lẹ́yìn 1970, àwọn olówó wa kọjú sí lééèsì láti Áústríà. Àwọn ará ìlú Lustenau àti agbègbè rẹ̀ ní Áústríà ń ṣe lééèsì tó jẹ́ pé ojú àríyá Nàìjíríà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ya ọnà rẹ̀. Lééèsì dára, a kò ní pa á lórúkọ dà. Ṣùgbọ́n owó tí ì bá lọ sọ́wọ́ ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn, òkè òkun ló ń lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ ní ilẹ̀ wa náà wá ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kaduna Textiles tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 tilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles, ní Kàdúná kan náà, dá iṣẹ́ dúró ní 2007. Iná mànàmáná kò dúró, aṣọ olówó pọ́ọ́kú sì ń gba ẹnubodè wọlé.

Òkìríkà náà tún wà níbẹ̀. A kò lè sọ̀rọ̀ òkìríkà ní Port Harcourt kí á má rẹ́rìn-ín, nítorí ìlú Okrika tó wà nítòsí wa yìí ni orúkọ náà ti jáde, nígbà tí ẹrù aṣọ àlòkù ń gba etí odò ibẹ̀ wọlé. Ìjọba ti fòfin dè é tipẹ́, síbẹ̀ kò sí ọjà tí a kò ti rí i. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń rà á? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: kì í ṣe owó nìkan. Òkìríkà ti wà ní rírán. Ẹni tó bá rà á lónìí, á wọ̀ ọ́ lọ́la. Òkìríkà kì í sọ fún oníbàárà pé iná lọ, pé ọmọ iṣẹ́ kò wá, pé kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé.

KÍ ÌTÀN MÀMÁ LÈ ṢE WÁ LÓORE

Màmá Ṣadé kò fi iṣẹ́ náà mọ sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn adáṣọ Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí FADAN, sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ààrẹ rẹ̀. Ní 2004, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn ayé wọn sínú ìwé tí wọ́n pè ní Faces of She. Ohun tó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2022. Mùsíọ́mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, láti oṣù keje ọdún náà títí di oṣù kẹrin 2023. Wọ́n kó iṣẹ́ àwọn aṣáájú síbẹ̀: Chris Seydou láti Mali, Kofi Ansah láti Gánà, Alphadi láti Niger, Naima Bennis láti Mòrókò, àti Ṣadé Thomas-Fahm láti Nàìjíríà. Ìlú tí Màmá ti dúró wo aṣọ inú gíláàsì ní 1953, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé aṣọ tiwọn sínú gíláàsì.

Ẹ̀yin òbí ní Iwofe, ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí la rí kọ́? A máa ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù, a máa ń jó, a máa ń náwó, a sì máa ń ra ẹ̀rọ tuntun fún ọmọ. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ̀rọ náà á wà nílé láìṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n ti tà á. Wọn kò rí oníbàárà tó tó, tàbí wọ́n já wọn kulẹ̀ títí wọ́n fi sá. Ewu tó wà níwájú wa nìyẹn. Ọmọ tó pa iṣẹ́ tì ní ìlú àjèjì, kò ní oko tí yóò padà sí, kò ní ilé bàbá tí yóò sá lọ.

Àkọ́kọ́, kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ náà débi gígé aṣọ lórí pépà, kì í ṣe rírán nìkan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé ni ọ̀gá ẹni tó mọ̀ ọ́n rán. Èkejì, bó ti wù kó kéré tó, kí aṣọ tí a ti rán sílẹ̀ wà lórí ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bùbá mẹ́ta, ìró onísíìpù méjì, gèlè márùn-ún tí a ti wé, ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá rí owó Hòtẹ́ẹ̀lì Federal Palace. Ẹ̀kẹta, kí á má rò pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ra aṣọ lọ́wọ́ wa. Àwọn Ìkwẹ́rẹ́, Kàlàbàrí, Okrika àti Ìgbò tí a jọ ń gbé mọ rírì aṣọ. Akwete wà nítòsí, òfì ń bọ̀ láti ilé. Ẹni tó bá mọ àwọn méjèèjì í rán, ibi méjì ni oníbàárà rẹ̀ yóò ti máa wá.

Ẹ̀kẹrin ni ti ọjọ́ tí a bá dá. Ọjọ́ ayẹyẹ kì í dúró de télọ̀. Bí a bá ní Ọjọ́bọ̀, kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Télọ̀ tó ń mú àdéhùn ṣẹ, kò ní bá òkìríkà du oníbàárà.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá sọ lónìí pé aṣọ ni òun fẹ́ máa dá, kó má fapá lérí. Kó béèrè pé níbo lo ti fẹ́ kọ́ ọ, títí dé ibo lo sì fẹ́ kọ́ ọ dé? Ọmọ tí Èkó rán lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló padà wá fi síìpù sí ìró, àwọn ìyá wa sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. A kò mọ èwo nínú àwọn ọmọ wa ní Iwofe ni yóò ṣe èyí tó kàn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ àwa òbí ni a ó gba ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.